Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ohun Tí Mo Kọ́ Nípa Process Control ní Apo

  Mo mọ̀ pé àwọn kan láàárín yín tó ń kọ́ èdè, òfin tàbí ìṣirò owó yóò máa bi ara wọn pé kí ló kàn wọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ oníkẹ́míkà. Ẹ ní sùúrù fún mi. Bí ẹ bá ti gbé ẹ̀wà kaná rí, tí ẹ ṣí ìdérí ìkòkò wò ó, tí ẹ sì fa igi kan jáde lábẹ́ rẹ̀ kí ó má baà ru dà sílẹ̀, ẹ ti ṣe iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí rí.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí gbogbo ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ oníkẹ́míkà gbọ́dọ̀ là kọjá, ì báà jẹ́ ní Ifẹ̀, ní Èkó, ní LAUTECH Ògbómọ̀ṣọ́, ní Minna tàbí ní Zaria. Process control ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu ọ̀nà àbájáde ni ó sábà máa ń pàdé rẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà ń kọ́ni bí a ṣe lè mú kí ohun tó ń lọ nínú ẹ̀rọ, bí ooru, ìfúnpá, ìṣàn omi tàbí ìwọ̀n epo inú àgbá, dúró síbi tí a fẹ́ kí ó dúró, bí ohunkóhun tilẹ̀ ń tì í síwá sẹ́yìn. Ní Yorùbá, ẹ jẹ́ kí a pè é ní ìkóso ìṣiṣẹ́.

Nínú ìdánwò kékeré àkọ́kọ́ tí mo ṣe nínú ẹ̀kọ́ yìí, máàkì 11 nínú 40 ni mo gbà. Kì í ṣe pé n kò kàwé. Mo há fọ́múlà sórí bí ẹni há oríkì ìdílé rẹ̀. Bí wọ́n bá jí mi lóru, n óò ka Laplace transform fún wọn láìṣe àṣìṣe. Ìbéèrè tó gbé mi ṣubú kò ní ìṣirò nínú rárá. Wọ́n ya àgbá kan, wọ́n ní kí n sọ ohun tí wọ́n ń wọ̀n níbẹ̀, ẹni tí wọ́n ń jábọ̀ fún, àti ohun tí onítọ̀hún yóò ṣe sí i. N kò rí nǹkan kan sọ. Nínú ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni mo lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi ní Àbújá. Ọgbà mẹkáníìkì Apo ni ojú mi ti là.

ỌKỌ̀ TÍ KÌ Í GBÓNÁ

Àbúrò ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ àlòkù kan lọ́wọ́ ẹnìkan tí kì í gbé Àbújá. Ọkọ̀ náà dára lójú, ṣùgbọ́n ó ń mu epo bí ẹni tó gba ààwẹ̀ ṣe ń mu omi lálẹ́. Ohun kan wà tó máa ń dùn mọ́ bọ̀dá mi nínú. Abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn kì í gòkè. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló máa ń wà, kódà bí oòrùn ọ̀sán bá ń jó ni lórí. Wọn a máa fi yangàn pé, "Ọkọ̀ tèmi kì í gbóná." Epo tí wọ́n ń rà lójoojúmọ́ ló lé wa dé Apo.

Ẹni tó bá dé ọgbà mẹkáníìkì Apo rí mọ̀ pé ìlú kan ni fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń tú ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀, àwọn tó ń tọ́ páànù ara ọkọ̀ wà, àwọn tó ń so wáyà wà, àwọn tó ń ta pààtì sì tò lọ bẹẹrẹ. Kò sí èdè tí ẹ kò ní gbọ́. Ọ̀gá mẹkáníìkì tí a bá, ọmọ Ọ̀ffà ni. Wọ́n ní kí a tan ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan rọ́bà tó lọ sínú rédíétọ̀, wọ́n sì mi orí. Lẹ́yìn ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù, wọ́n tú ìdérí irin kékeré kan. Inú rẹ̀ ṣófo.

Wọ́n kọjú sí bọ̀dá mi, wọ́n ní, "Alàgbà, ta ló yọ tamọ́sítáàtì ọkọ̀ yín?"

Bọ̀dá mi dáhùn pé, "Ọ̀gá, kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

Ohun kékeré kan ni tamọ́sítáàtì, kò ju kí a ká a mọ́ àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ojú ọ̀nà tí omi ń gbà láti inú ẹ́ńjìnnì lọ sí rédíétọ̀ ni ó máa ń jókòó sí. Ìda wà nínú rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ìda náà le, ọ̀nà sì wà ní títì, kí omi lè máa yí inú ẹ́ńjìnnì nìkan títí yóò fi gbóná tó. Bí omi bá dé nǹkan bí digírì 82, ìda bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Bí ó ṣe ń yọ́ ni ó ń wú, ó ń ti irin kan, ọ̀nà sì ń ṣí. Bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀nà ń ṣí sí i, títí yóò fi ṣí tán ní nǹkan bí digírì 95. Bí omi bá tún tutù, ìda a sún kì, sípíríǹgì a sì ti ọ̀nà padà. Kò sí wáyà, kò sí bátìrì, kò sí ẹni tó ń pàṣẹ fún un.

Kí ló dé tí àwọn mẹkáníìkì kan ní ilẹ̀ wa fi máa ń yọ ọ́ dànù? Wọ́n máa ń sọ pé ilẹ̀ Òyìnbó tó tutù ni wọ́n ṣe é fún, pé kò wúlò nílẹ̀ tiwa tó gbóná. Ọ̀gá wa kò bú wọn. Wọ́n ní bí tamọ́sítáàtì bá ti gbó, ó lè há sí títì, omi a hó, gásíkẹ́ẹ̀tì a sì jóná. Ẹni tó bá ti fojú rí irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní gbà á gbọ́ mọ́. Ló bá yọ ọ́, ló jù ú nù. Ẹ wá wo ohun tí a ń pè ní fífi orí bíbẹ́ wo orí fífọ́.

Bí a bá yọ ọ́ tán, omi yóò máa ṣàn lọ sí rédíétọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kì í dé ibi tí ooru rẹ̀ ti yẹ kó wà. Ọ́ìlì máa ń ki jù, irin máa ń ha irin. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ yóò rò pé àárọ̀ kùtùkùtù ni, yóò máa fi epo kún epo. Ibi tó pani lẹ́rìn-ín jù ni pé nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, tamọ́sítáàtì yìí kan náà ni ó máa ń dí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí omi gbígbóná lè gbà padà láìkọjá nínú rédíétọ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, apá kan omi náà a gba ẹ̀bùrú lọ, ọkọ̀ sì lè gbóná jù nínú gosílóò. Ẹni tó sá fún ooru wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn bá a.

Wọ́n ra tuntun. Mo rò pé wọn yóò kàn fi í síbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀gá ní kí ọmọṣẹ́ wọn gbé omi sórí gáàsì. Wọ́n fi òwú so tamọ́sítáàtì náà kọ́ sínú ìkòkò, wọ́n ní kí n máa wò ó. Omi ń gbóná, kò mira. Nígbà tó yá, kí omi tó hó rárá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lanu díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbé e sínú omi tútù, ó pa ẹnu dé. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n ní, "Ẹnjiníà, kí n tó gba ẹnikẹ́ni gbọ́ nínú ẹ́ńjìnnì mi, ó ní láti kọ́kọ́ jábọ̀ fún mi."

ÀBỌ̀ NI GBOGBO RẸ̀

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn. Yorùbá kì í ránni níṣẹ́ kí ó parí síbi lílọ. Bí ìyá bá rán ọmọ lọ sí ọjà, kò tíì ránṣẹ́ tán títí ọmọ yóò fi padà wá jábọ̀: "Wọ́n ní ó ti wọ́n o, owó kò tó." Àbọ̀ yìí ni ìyá yóò fi mọ̀ bóyá kí òun fi owó kún un tàbí kí òun yí ọbẹ̀ padà. Ohun tí àwọn Òyìnbó ń pè ní feedback, àbọ̀ ni. Gbogbo process control, orí àbọ̀ ni ó dúró lé.

Ẹ jẹ́ kí a wá fún àwọn tó wà nínú iṣẹ́ yìí lórúkọ. Ibi tí a fẹ́ kí nǹkan wà ni àfojúsùn. Ohun tó ń wọ̀n ọ́n, tó sì ń mú ìròyìn wá, ni alamí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àfojúsùn àti ìròyìn alamí ni àlàfo. Ẹni tó ń wo àlàfo tó sì ń pinnu ohun tí a ó ṣe ni adarí. Fáàfù ni ọwọ́ tí adarí fi ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ń ti nǹkan kúrò ní ipò rẹ̀ láti ìta, bí òkè gíga tí ọkọ̀ ń gùn tàbí omi tútù tó ṣàdédé wọlé, ni ìdààmú. Nínú tamọ́sítáàtì, ìda kékeré yẹn ló jẹ́ alamí àti adarí, òun náà ló tún ń ti fáàfù. Ní ilé-iṣẹ́ ìfọpo, bí irú èyí tó wà ní Kàdúná láti ọdún 1980 tàbí ti Dangote ní Lẹ́kí tí wọ́n ṣí ní ọdún 2023, iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Alamí wà lára páìpù, adarí wà nínú kọ̀ǹpútà ní yàrá ìṣọ́, fáàfù sì wà lórí páìpù mìíràn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Àbọ̀ nìkan kọ́ ni ọgbọ́n tó wà. Bí ìyá àgbà bá sá èlùbọ́ sórí àpáta, tí wọ́n rí i tí ojú ọ̀run ṣú, wọn kì í dúró kí òjò tó kán sí i kí wọ́n tó kó o. Wọ́n ti rí ìdààmú lókèèrè, wọ́n sì ti gbéra. Èyí ni mo pè ní ìtètèmúra. Àbọ̀ ń tún ohun tó ti bàjẹ́ díẹ̀ ṣe, ìtètèmúra kì í jẹ́ kí ó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run lè ṣú kí òjò má rọ̀, òjò sì lè rọ̀ láìṣú. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ tó gbọ́n máa ń lo méjèèjì pọ̀.

ÌṢIRÒ KÉKERÉ KAN

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò díẹ̀ wò ó, kò le. Ká sọ pé a fẹ́ kí omi tó ń jáde nínú ẹ̀rọ kan wà ní digírì 80. Sítíìmù ni a fi ń mú un gbóná, fáàfù kan ló sì ń gba sítíìmù wọlé. Nígbà tí ohun gbogbo bá dọ́gba, fáàfù náà ṣí dé 50 nínú 100. A wá fún adarí ní òfin kan: fún digírì kọ̀ọ̀kan tí omi bá fi dín sí 80, kí ó ṣí fáàfù ní 2 sí i.

Ọyẹ́ dé, omi tó ń wọlé tutù ju ti tẹ́lẹ̀. Ó wá gba pé kí fáàfù ṣí dé 60 kí ooru tó lè dúró lójú kan. Níbo ni adarí yóò ti rí 10 tó kù? Láti inú àlàfo ni. Àlàfo gbọ́dọ̀ di 5, nítorí 2 lọ́nà 5 ni 10. Nítorí náà, digírì 75 ni omi náà yóò dúró sí, kò ní padà sí 80. Ẹ bi mí pé kí ló dé. Bí ó bá padà sí 80, àlàfo di òfo, fáàfù a padà sí 50, omi a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Adarí yìí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ẹ̀dùn ọkàn díẹ̀ nínú ara rẹ̀. Digírì 5 tó ṣẹ́ kù yìí ni mo pè ní àṣẹ́kù. Ohun kan náà ni tamọ́sítáàtì ń ṣe. Kì í dúró sórí nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àárín 82 sí 95 ló ń lọ tó ń bọ̀, bí ẹrù tó wà lórí ẹ́ńjìnnì bá ṣe wúwo tó.

Ẹlòmíràn lè ní kí a mú ọwọ́ adarí le. Dípò 2, kí a lo 5. Àṣẹ́kù yóò di digírì 2. Bí a bá lo 20, yóò di ìdajì digírì. Èéṣe tí a kò fi lo 1,000? Àwọn àgbà ti dáhùn: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ wo alákàrà. Bí ó bá rí i pé epo kò gbóná tó, tó sì ti igi mẹ́fà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, epo kò ní gbóná lójú ẹsẹ̀. Ooru gbọ́dọ̀ la agbada kọjá ná. Nígbà tí epo bá fi sọ fún un pé òun ti gbóná, iná ti pọ̀ jù, àkàrà ti dúdú. Ó fa gbogbo igi jáde, epo tún tutù jù, àkàrà mu epo yó. Ìpẹ́dé ni mo pe ìdúró yìí, àkókò tó wà láàárín ìgbà tí a ṣe nǹkan àti ìgbà tí àbọ̀ rẹ̀ dé. Ọwọ́ líle àti ìpẹ́dé gígùn, bí wọ́n bá pàdé, ìjì ni wọ́n ń dá sílẹ̀.

Ọ̀nà tí àwọn ẹnjiníà fi yanjú ọ̀rọ̀ yìí pín sí mẹ́ta, òun ni lẹ́tà P, I àti D tí ẹ máa ń rí nínú ìwé wa. P ń wo àlàfo ìsinsìnyí: bí ó bá ṣe pọ̀ tó ni òun náà ṣe ń sáré tó. I dà bí onígbèsè tó ń kọ gbèsè sára ògiri. Gbogbo àlàfo tó ti kọjá ló ń rò pọ̀, kò sì ní sinmi títí gbèsè yóò fi tán. Òun ló ń pa àṣẹ́kù run. D ń wo bí àlàfo ṣe ń yára yí padà, bí awakọ̀ tó rí i pé mọ́tò iwájú ń súnmọ́ òun kíákíá, tó sì tẹ bíréékì kó tó dé ìdí rẹ̀. P ń wo òní, I ń rántí àná, D ń fojú sọ́nà fún ọ̀la. Alákàrà tó mọṣẹ́ ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìmọ orúkọ wọn.

IBI TÍ ỌGBỌ́N YÌÍ TI WÁ

Ọgbọ́n yìí kò bọ́ láti ọ̀run lọ́jọ́ kan. Ní ọdún 1788, James Watt fi bọ́ọ̀lù irin méjì tó ń yí po sára ẹ́ńjìnnì sítíìmù. Bí ẹ́ńjìnnì bá sáré jù, bọ́ọ̀lù a fò sókè, a sì dín sítíìmù kù. Gọ́fánọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 1868, James Clerk Maxwell fi ìṣirò ṣàlàyé ìdí tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi máa ń dúró jẹ́ẹ́ nígbà kan, tí yóò sì máa gbọ̀n nígbà mìíràn. Ní ọdún 1922, Nicolas Minorsky kọ òfin P, I àti D sílẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lórí bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń darí ara rẹ̀. Àwọn atukọ̀ ló ṣọ́, ó wo bí ọwọ́ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì sọ ọ́ di ìṣirò. Ní ọdún 1942, Ziegler àti Nichols kọ́ ayé bí a ṣe ń yan àwọn nọ́ńbà náà. A ó lo P nìkan, a ó máa mú ọwọ́ rẹ̀ le díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀rọ yóò fi máa lọ tí yóò máa bọ̀ láìdúró. A ó kọ agbára ọwọ́ yẹn sílẹ̀, a ó sì kọ iye ìṣẹ́jú tí àlọ àti àbọ̀ kan gbà. Bí agbára náà bá jẹ́ 10, tí àkókò sì jẹ́ ìṣẹ́jú 4, a ó fi P sí 6, a ó fi àkókò I sí ìṣẹ́jú 2, àti ti D sí ìdajì ìṣẹ́jú. Ibẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ojú ara wa ni a ó fi tún un ṣe.

Ẹ kò ní láti lọ sí òkè òkun kí ẹ tó rí gọ́fánọ̀ Watt lẹ́nu iṣẹ́. Iná mànàmáná tó ń wọ Apo wà lórí okùn kan náà pẹ̀lú ti Èkó àti ti Kánò, Òṣogbo sì ni ibùdó tí wọ́n ti ń ṣọ́ gbogbo rẹ̀. Àfojúsùn wọn ni ìyípo 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí iná tí àwọn ènìyàn ń lò bá ju èyí tí àwọn tọ́báìnì ń pèsè lọ, ìyípo yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Gọ́fánọ̀ ara tọ́báìnì ló yẹ kó gbọ́ àbọ̀ yìí, kó sì fi gáàsì tàbí omi kún un. Bí kò bá sí àfikún kankan nílẹ̀, wọn a tètè já àwọn àdúgbò kan kúrò. Bí èyí náà bá pẹ́ jù, gbogbo okùn a wó, ìlú a ṣókùnkùn.

BÍ ALAMÍ BÁ PURỌ́ ŃKỌ́?

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti máàkì. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2005, ní ilé-iṣẹ́ ìfọpo BP ní Texas City ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń tan ẹ̀ka kan padà. Òpó ńlá kan wà níbẹ̀ tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 170. Epo wọ inú rẹ̀ fún ohun tó lé ní wákàtí mẹ́ta, wọn kò sì jẹ́ kí ó jáde. Ìsàlẹ̀ òpó náà nìkan ni alamí rẹ̀ lè kà. Nígbà tí epo ti ga kọjá agbára rẹ̀, ìròyìn tó ń mú wá fún àwọn òṣìṣẹ́ ni pé epo ń dín díẹ̀díẹ̀. Agogo ìkìlọ̀ mìíràn tó yẹ kó dún kò dún. Epo kún, ó tú jáde, ó gbiná. Ènìyàn 15 ló kú, 180 ló farapa. Àwọn òṣìṣẹ́ rí àbọ̀ lójú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n àbọ̀ èké ni. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ojú bá wá ń purọ́ fún un, kí ni yóò fi ṣọ́ ọ?

Ẹ jẹ́ kí n mú un padà sílé. Omi ẹ̀rọ ìjọba ní Àbújá, láti adágún Lower Usuma ní apá Bwari ni wọ́n ti ń fà á. Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ omi, kíláríìnì ni wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn. Àjọ ìlera àgbáyé dámọ̀ràn pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30 tí kíláríìnì bá ti wà nínú omi, ó kéré tán, kí mílígíráàmù 0.5 ṣẹ́ kù nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe àkíyèsí ìṣẹ́jú 30 yẹn: ìpẹ́dé ni. Ẹni tó bá dúró de àbọ̀ kó tó tún ìwọ̀n kíláríìnì ṣe, omi ìdajì wákàtí ti kọjá lọ. Ìdí nìyí tí ìtètèmúra fi wúlò. Bí omi tó ń wọlé bá jẹ́ lítà mílíọ̀nù kan ní wákàtí kan, tí a sì ń fi mílígíráàmù 2 sí lítà kọ̀ọ̀kan, kílógíráàmù 2 ni a ó lò ní wákàtí kan. Bí omi bá di mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, a ó ti gbé e sí 3 lójú ẹsẹ̀, kí àbọ̀ tó dé. Lẹ́yìn náà ni àbọ̀ yóò wá bá wa tún èyí tó kù ṣe. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ikùn ọmọdé ni yóò san àṣìṣe ẹni tó bá ṣe é.

BÍ A ṢE LÈ KỌ́ Ọ

Ẹ̀yin tí ẹ óò pàdé ẹ̀kọ́ yìí, ẹ gba ìmọ̀ràn ẹni tó gba 11 nínú 40. Èkíní, ẹ má fọwọ́ kan ìṣirò títí ẹ óò fi ya ìyíká àbọ̀. Ẹ kọ orúkọ alamí, adarí, fáàfù àti ìdààmú sí i. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́ fún ìyá yín ní Yorùbá kí wọ́n sì lóye rẹ̀, ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n.

Èkejì, ẹ má jẹ́ kí Laplace dẹ́rù bà yín. Ọ̀nà láti sọ ìṣirò ohun tó ń yí padà di ìṣirò lásán tí a lè fi ọwọ́ ṣe ni. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń wọlé sínú àgbá àti ohun tó ń jáde kò ní rí nǹkan kan fi Laplace ṣe. Ẹ padà lọ ka ìṣirò ìwọlé àti ìjáde tí wọ́n kọ́ wa ní ọdún kejì.

Ẹ̀kẹta, ẹ fọwọ́ ṣe é. Ẹ lu ihò sí ìdí korobá kan, ẹ máa bu omi sí i, kí ẹ gbìyànjú kí omi rẹ̀ dúró sí àmì kan. Lẹ́yìn náà ẹ di ojú yín, kí ọ̀rẹ́ yín máa sọ ibi tí omi dé fún yín. Kí ó wá máa fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá pẹ́ kó tó sọ. Ẹ óò mọ ìpẹ́dé lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà, Scilab àti Octave kò gba owó. Ẹ lè fi wọ́n ṣe àgbá tó ń jábọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan.

Ẹ̀kẹrin, nígbà SIWES, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1973 kí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè kan iṣẹ́, ẹ má jókòó sí ọ́fíìsì máa ṣe fọ́tókọ́pì. Ẹ tẹ̀ lé àwọn tó ń tún alamí ṣe. Ẹ bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òtítọ́ ló ń sọ?"

Nígbà tí mo padà sí ọgbà, ìyíká àbọ̀ ni mo kọ́kọ́ yà nínú ìdánwò ńlá, mo sì yege. Bọ̀dá mi náà pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ ti ń gòkè dé àárín báyìí, àyà wọn kọ́kọ́ já, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i pé epo tí wọ́n ń rà ti dín kù. Mo wá ń ro iye ìgbà tí àwa náà ti yọ tamọ́sítáàtì dànù. Ọ̀rẹ́ sọ òótọ́ fún wa, a lé e. Olùkọ́ fi ínkì pupa sí iṣẹ́ wa, a ká ìwé náà kò, a jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èmi náà ká ìwé máàkì 11 yẹn, mo fi pamọ́ fún oṣù kan gbáko, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló ń jábọ̀ òótọ́ fún mi ní gbogbo sáà yẹn.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ̀rọ bá ń jábọ̀ ohun tí kò dùn mọ́ wa, ẹ jẹ́ kí a gbé e sínú omi gbígbóná, kí a dán an wò. Bí ó bá ti kú, kí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá yè, kí a gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ire o.